Ọlá Tí Ó Dé Oko: Ìjọba Ìbílẹ̀, Àgbẹ̀ àti Ìjọ Ọlọ́run

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ọdọọdún ni gbogbo àgbáyé máa ń ṣe àyájọ́ Ọjọ́ Oúnjẹ, ní ìrántí ọjọ́ tí a dá Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Àgbáyé sílẹ̀ ní ọdún 1945. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan a máa lo ọjọ́ náà, tàbí ọjọ́ mìíràn tí ó bá sún mọ́ ìgbà ìkórè, láti dá àwọn àgbẹ̀ lọ́lá. A ó ta àtíbàbà sí iwájú ọ́fíìsì káńsù, àwọn ọba àti ìjòyè yóò jókòó, alága yóò sọ̀rọ̀, a ó sì pe àwọn àgbẹ̀ tí iṣẹ́ wọn ta yọ jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnìkan yóò gba ìwé ẹ̀rí, ẹlòmíràn yóò gba àdá àti bàtà òjò, ẹlòmíràn yóò gba àpò ajílẹ̀ tàbí ẹ̀rọ tí a fi ń fọ́n oògùn sí oko. A sì máa ń pe àwa ìránṣẹ́ Ọlọ́run láti gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí.

Àwa náà ti jókòó sí abẹ́ irú àtíbàbà bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà kan tí a kò lè gbàgbé, bàbá àgbàlagbà kan, tí ó jẹ́ alàgbà nínú ọ̀kan lára àwọn ìjọ wa ní ìgbèríko, ni wọ́n fún ní ìwé ẹ̀rí àgbẹ̀ tí ó dára jùlọ. A bá a ya fọ́tò, a sì bá a yọ̀. Nígbà tí ayẹyẹ parí, a bi bàbá léèrè ohun tí wọn yóò fi ìwé náà ṣe. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn yóò gbé e kọ́ sára ògiri. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe pé wọ́n bi àwọn tẹ́lẹ̀, afárá tí omi ti gbé lọ ní ọ̀nà oko àwọn ni àwọn ìbá ní kí ìjọba tún ṣe. Ẹ̀gẹ́ wọn ti gbó ní òdì kejì odò, kò sì sí ọkọ̀ tí ó lè dé ibẹ̀ láti kó o.

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí ni ó mú kí a gbé gègé. A kò fẹ́ bẹnu àtẹ́ lu ìjọba ìbílẹ̀ kankan tí ó rántí àgbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ni kò rántí wọn rárá. Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni èyí: irú ọlá wo ni ó tọ́ sí ẹni tí ó ń bọ́ ìlú? Èrò wa ni pé ọlá tí ó bá parí sí abẹ́ àtíbàbà kò tíì pé. Ọlá àgbẹ̀ níláti dé oko. Ìbéèrè yìí sì kan ìjọ Ọlọ́run gan-an gẹ́gẹ́ bí ó ti kan ìjọba.

Ẹ̀KỌ́ LÁTI ILẸ̀ GÁNÀ

Bí a bá ń wá orílẹ̀-èdè tí ó sọ ìdálọ́lá àgbẹ̀ di ìṣe gidi, kí a wo Gánà tí kò jìnnà sí wa. Ní ọdún 1983, ọ̀dá àti iná inú igbó ba oko jẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàn fi mú káàkiri. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Nàìjíríà lé ọ̀kẹ́ àìmọye àwọn ará Gánà padà sí ilé, tí ẹnu tí ń jẹun sì pọ̀ sí i ní ilẹ̀ tí kò sí oúnjẹ. Ní ọdún 1984 òjò rọ̀, àwọn àgbẹ̀ ṣiṣẹ́, ìkórè sì dára. Ní ọdún 1985 ni ìjọba wọn ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ àti apẹja. Ẹ̀bùn tí ẹni tí ó ṣe ipò kìíní gbà ní ọdún náà kò ju àdá méjì, bàtà òjò kan àti rédíò kan lọ.

Láti ìgbà náà ni ọjọ́ yìí ti di ọjọ́ ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ní ọdún 2024 ni wọ́n ṣe é fún ìgbà ogójì. Ẹ̀bùn náà ti kúrò ní àdá, ó ti di katakata, ó ti di ọkọ̀, ní ọdún 2002 sì ni ẹni tí ó bá ṣe ipò kìíní ní gbogbo orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilé oníyàrá mẹ́ta. Ohun tí ó wù wá jù níbẹ̀ ni pé ayẹyẹ náà kò mọ sí olú-ìlú. Wọ́n ń ṣe é ní ẹkùn, wọ́n sì ń ṣe é ní àgbègbè ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, níbi tí àwọn tí ó ń fi ọlá fún àgbẹ̀ ti lè mọ ọ̀nà oko rẹ̀.

Síbẹ̀, kí a má ṣe tan ara wa. Ní Gánà yìí kan náà, àwọn tí ń wa wúrà lọ́nà àìtọ́ ti wú igi kòkó púpọ̀ kúrò nílẹ̀, wọ́n sì ti sọ omi odò di ẹrẹ̀. Àgbẹ̀ lè gba ẹ̀bùn ní oṣù Kejìlá, kí ó má sì ní omi tí yóò fi bomi rin oko ní oṣù Kejì. Ayẹyẹ dára, ṣùgbọ́n ayẹyẹ nìkan kò lè dáàbò bo oko.

OHUN TÍ BÍBÉLÌ Ń PÈ NÍ ỌLÁ

Ní èdè Hébérù, ọ̀rọ̀ tí a túmọ̀ sí ògo tàbí ọlá nínú Bíbélì wa, kabod, wá láti inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ìwúwo. Ẹni tí a bá bu ọlá fún ni ẹni tí a kà sí ẹni tí ó wúwo, tí a kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Nítorí náà, ọlá nínú Ìwé Mímọ́ a máa ní ohun tí a lè fi ojú rí, tí a sì lè fi ọwọ́ gbá mú.

Ẹ wo ọba Ùsáyà nínú Kíróníkà Kejì, orí 26. Ẹsẹ kẹwàá ṣàlàyé pé ọba yìí fẹ́ràn iṣẹ́ àgbẹ̀. Báwo ni a ṣe mọ̀? A kò sọ fún wa pé ó pe àpèjẹ fún àwọn àgbẹ̀. Ohun tí a kọ ni pé ó kọ́ ilé ìṣọ́ sí aginjù, ó sì gbẹ́ kànga púpọ̀. Ilé ìṣọ́ ni ààbò, kànga ni omi. Ọba tí ó fẹ́ràn àgbẹ̀ ronú ohun tí àgbẹ̀ nílò, ó sì gbé e lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì, nínú ìwé kejì sí Tímótì, fi í ṣe òfin pé àgbẹ̀ tí ó ṣe làálàá ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jẹ nínú èso oko. Jákọ́bù kìlọ̀ fún àwọn ọlọ́rọ̀ pé owó ọ̀yà àwọn tí wọ́n kórè oko wọn, tí wọn kò san, ń ké sókè, Ọlọ́run sì ń gbọ́. Wòlíì Àísáyà, ní òpin orí 28, sọ ọ̀rọ̀ kan tí a kì í wàásù lé lórí tó: ó fi yé wa pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ́ àgbẹ̀ ní ìgbà tí ó yẹ kí ó túlẹ̀, bí ó ṣe yẹ kí ó gbin irúgbìn kọ̀ọ̀kan, àti bí ó ṣe yẹ kí ó pa á. Ìmọ̀ ni iṣẹ́ àgbẹ̀, àtọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni ìmọ̀ náà sì ti wá.

Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ojú tì wá fún bí a ti ń lo èdè wa. Nígbà tí a bá fẹ́ bú ẹnìkan pé kò lajú, “ará oko” ni a ń pè é. Àwọn òbí a máa sọ fún ọmọ tí kò fẹ́ kàwé pé oko ni yóò lọ, bí ẹni pé ẹ̀wọ̀n ni oko. Lẹ́yìn tí a ti fi ogójì ọdún kọ́ àwọn ọmọ wa pé ìyà ni oko, a wá ń yà á lẹ́nu pé àwọn àgbàlagbà nìkan ni ó kù níbẹ̀.

OHUN TÍ ÌTÀN WA FI HÀN

Ní ilẹ̀ Yorùbá, a ti rí ọlá àgbẹ̀ rí, a sì ti rí ìyà àgbẹ̀ pẹ̀lú, nígbà mìíràn ní àkókò kan náà. Owó kòkó wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà nì fi ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1955. Ìjọba yẹn náà ni ó dá àwọn abúlé àgbẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ ní ìparí ọdún 1959 àti lẹ́yìn rẹ̀, ní irú ibi bí Ìlórà àti Akùfọ̀. Ní ọdún 1965 ni a parí ilé gíga tí a ń pè ní Ilé Kòkó sí Ìbàdàn. Orúkọ àgbẹ̀ wà ní ojú ọ̀run, gbogbo ènìyàn ń rí i.

Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ní 1968, àwọn àgbẹ̀ tí kòkó wọn kọ́ ilé náà dìde ní ọ̀tẹ̀ tí ìtàn ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà, èyíinì ni pé àgbẹ̀ kọ ìyà. Kí ni wọ́n ń bínú sí? Owó orí ti pọ̀ ju agbára wọn lọ, bẹ́ẹ̀ ni owó tí a ń ra kòkó wọn kò tó nǹkan. Àwọn òṣìṣẹ́ káńsù ń fi ipá gba owó, wọ́n ń dá wọn lóró, ọ̀nà oko sì ti bàjẹ́. Ọgbọ̀n ṣílè ni wọ́n ní àwọn lè san. Ìjọba ológun yan ìgbìmọ̀ Adájọ́ Ayọ̀ọlá láti wádìí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n rògbòdìyàn kò tán. Ní oṣù Kẹsàn-án 1969, àwọn àgbẹ̀ fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní Ìbàdàn, wọ́n tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni ó lọ bá Táfà Adéoyè, olórí wọn, sọ̀rọ̀ ní Akánrán kí ọ̀rọ̀ tó rọlẹ̀, tí owó orí sì wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì. Ẹ̀mí púpọ̀ ti ṣòfò kí a tó dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i dáadáa. Ojú ìjọba tí ó sún mọ́ àgbẹ̀ jù, èyíinì káńsù, ni àgbẹ̀ ti kọ́kọ́ rí ìyà. Akọ̀wé owó orí àti wolé-wolé ni wọ́n mọ̀ ní ojú. Ibẹ̀ kan náà ni ìwòsàn níláti ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ tí ó bá fi ọwọ́ ọ̀tún fún àgbẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí, tí ó sì fi ọwọ́ òsì ran àwọn agbowó sí oríta mẹ́ta láàárín oko àti ọjà, ọwọ́ òsì rẹ̀ ni àgbẹ̀ yóò rántí.

AGBÁRA TÍ Ó WÀ LỌ́WỌ́ ÌJỌBA ÌBÍLẸ̀

Àwọn alága kan a máa sọ pé kò sí ohun tí àwọn lè ṣe ju ìwé ẹ̀rí lọ, pé ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti àpapọ̀. Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ mọ́ ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ níláti kópa nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìpínlẹ̀. Ó sì fi kíkọ́ àti títọ́jú ọjà, ibùdókọ̀ àti àwọn ọ̀nà kan lé e lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tirẹ̀. Oko, ọ̀nà, ọjà: ìrìn-àjò oúnjẹ nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ pẹ̀lú wà níbẹ̀. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fún ìjọba ìbílẹ̀ ní àṣẹ láti fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ tí kò sí nínú ìgboro, títí dé hẹ́kítà 500 fún iṣẹ́ oko, láìjẹ́ pé wọ́n lọ gba àṣẹ gómìnà. Mélòó nínú àwọn àgbẹ̀ wa ni ó mọ èyí? Mélòó nínú àwọn opó ìjọ wa, tí mọ̀lẹ́bí ọkọ gba oko lọ́wọ́ wọn, ni ó mọ̀ pé káńsù lè kọ orúkọ wọn sí ìwé lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń dá? Àwọn ọmọbìnrin Sélófẹ́hádì lọ bá Mósè nítorí ilẹ̀ baba wọn, Ọlọ́run sì dá wọn láre. Ìjọba ìbílẹ̀ tí ó bá fún opó kan ní ìwé ilẹ̀ ti dá àgbẹ̀ lọ́lá ju èyí tí ó fún un ní àdá lọ.

Ní ti owó, ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a lẹ́jọ́ pé owó tí ó tọ́ sí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 774 tí ó wà ní Nàìjíríà níláti dé ọwọ́ wọn tààrà, kí ìjọba ìpínlẹ̀ má ṣe dá a dúró mọ́. Ó lé ní ọdún kan lẹ́yìn ìdájọ́ náà tí àríyànjiyàn ṣì wà lórí bí a ó ṣe mú un ṣẹ. A ń gbàdúrà kí ó ṣẹ. Ṣùgbọ́n kí owó tó dé ni ó yẹ kí a ti mọ ohun tí a fẹ́ fi ṣe. Ní ọdún 2003, ní Maputo, àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfríkà fẹnu kò pé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba wọn yóò máa lọ sí iṣẹ́ àgbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ọdún láti ìgbà náà, ti ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kò dé ìdajì rẹ̀. Bí owó bá dé káńsù tí a kò sì béèrè, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní òkè ni yóò tún ṣẹlẹ̀ ní ìsàlẹ̀.

Kí ni kí a béèrè? Àwọn ohun kékeré tí káńsù lè ṣe ni. Kí wọ́n tún ọ̀nà oko ṣe kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí a bá wú kì í ju ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Bí ọkọ̀ kò bá dé láàárín ọjọ́ wọ̀nyí, iṣẹ́ ọdún kan ti di ìdọ̀tí. Nàìjíríà ni ó ń gbin ẹ̀gẹ́ àti iṣu jù ní gbogbo àgbáyé, ṣùgbọ́n afárá tí kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà ogún lọ lè sọ ipò kìíní náà di asán fún àgbẹ̀ kan. Kí wọ́n kọ́ àtẹ ìsákòkó àti ibi ìkóǹkansí sí ọjà oko. Kí wọ́n gba àwọn òṣìṣẹ́ tí yóò máa lọ bá àgbẹ̀ ní oko láti kọ́ wọn ní ọ̀nà tuntun, kí wọ́n sì fún wọn ní ọ̀kadà tí wọn yóò gùn lọ.

NÍGBÀ TÍ OÚNJẸ WỌ́N ÀTI NÍGBÀ TÍ Ó PỌ̀

Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti di pàjáwìrì. Ní oṣù Kẹfà 2024, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ìjọba, owó oúnjẹ ti fi ohun tí ó lé ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ. Gbogbo wa ni ó mọ bí ó ti rí: ìyá tí ń ra gààrí ní kọ́ńgò bẹ̀rẹ̀ sí í rà á ní ife. Ní oṣù Keje ọdún náà, ìjọba kéde ọjọ́ 150 tí a ó fi kó àgbàdo, ìrẹsì, àlìkámà àti ẹ̀wà wọlé láìsan owó bodè. Nígbà tí ó di ọdún 2025, owó oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, àwa ará ìgboro sì dúpẹ́ ní ilé ìsìn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àwa ń dúpẹ́, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń sunkún. Wọ́n ti ra ajílẹ̀, oògùn koríko àti epo ní owó gọbọi. Wọ́n ti yá owó láti san owó àwọn alágbàṣe. Nígbà tí wọ́n kórè àgbàdo, owó tí ọjà gbé kalẹ̀ kò tó èyí tí wọ́n ná. Àwọn kan ní oúnjẹ òkèèrè ni ó fà á, àwọn mìíràn ní ìkórè ni ó dára. Ohun tí ó wù kí ó jẹ́, ìyà náà já lé orí ẹni kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ni ti kòkó: ní oṣù Kejìlá 2024, tọ́ọ̀nù kan ju dọ́là 12,000 lọ ní ọjà àgbáyé, irú èyí tí a kò rí rí; kí ọdún 2025 tó parí, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì.

Ohun tí ó le jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ láìfi bò: adúrà tí ará ìgboro ń gbà pé kí oúnjẹ pọ̀, kí ó sì dínwó, lè jẹ́ ìparun fún arákùnrin rẹ̀ tí ó wà ní oko. Bí àgbẹ̀ bá pàdánù ní ọdún yìí, kò ní gbìn tó bẹ́ẹ̀ ní ọdún tí ń bọ̀, ebi yóò sì padà wá sí ilé gbogbo wa. A kò lè ní oúnjẹ púpọ̀ fún ìgbà pípẹ́ bí a kò bá jẹ́ kí ẹni tí ń gbìn ín jèrè. Káńsù kò lè pàṣẹ fún ọjà àgbáyé. Ṣùgbọ́n ó lè kọ́ ilé ìkópamọ́ tí àgbẹ̀ yóò kó àgbàdo sí títí ọjà yóò fi dára, ó sì lè ran àwọn obìnrin tí ń din gààrí lọ́wọ́ láti ní ẹ̀rọ. Nígbà tí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ sí í fi oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012, àwọn tí ń sin ẹja àti adìẹ ní ìtòsí ní oníbàárà tí ó dájú. Ọjà tí ó dájú ju ẹ̀bùn ọjọ́ kan lọ.

ILÉ ÌṢỌ́ TI ÙSÁYÀ

A kò lè sọ̀rọ̀ oko lónìí kí a má sọ̀rọ̀ ààbò. Ní oṣù Kẹsàn-án 2015, wọ́n jí Olóyè Olú Fálaè gbé lórí oko wọn ní ìtòsí Àkúrẹ́, ní ọjọ́ tí wọ́n pé ọdún 77. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó ti jẹ́ mínísítà, kí ni ti ìyá àgbàlagbà tí ó ń lọ já ata ní kùtùkùtù? Ní oṣù Kìíní 2020, àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, ó sì ran ni lọ́wọ́ ní ibi púpọ̀. Síbẹ̀, àwọn oko wà tí àwọn ọmọ ìjọ wa ti pa tì. Káńsù ni ó mọ abúlé kọ̀ọ̀kan. Òun ni ó yẹ kí ó pe àgbẹ̀, darandaran, ọdẹ àti ọlọ́pàá jókòó kí ìjà tó dé. Ilé ìṣọ́ ni Ùsáyà kọ́kọ́ kọ́. Kànga ni ó tẹ̀lé e.

ÌJỌ WA Ń KỌ́?

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a yẹ ara wa wò. Àwọn baba wa nínú ìgbàgbọ́ kò ya pẹpẹ kúrò lára oko. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, tí àwa oníròyìn ìjọ ń pè ní baba wa, kò mọ sí ìròyìn ìsìn nìkan. Ó ń gbé ti òwò àti òwú pẹ̀lú. Jacob Kẹ́hìndé Coker, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú Ìjọ Áfríkà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1901, ní oko kòkó ńlá ní Agége. Àwọn alágbàṣe láti ìlú òkè wá kọ́ iṣẹ́ kòkó níbẹ̀, wọ́n sì mú ìmọ̀ náà padà sí ìlú wọn, tí ìgbàgbọ́ àti kòkó fi jọ rìn ní ọ̀nà kan náà.

Lónìí ńkọ́? A ń ṣe Ìkórè lọ́dọọdún. A ó kó iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewúrẹ́ síwájú pẹpẹ, a ó sì tà wọ́n ní gbàǹjo. Alága ìkórè yóò jẹ́ agbaṣẹ́ṣe tàbí olóṣèlú, ìyá ìkórè yóò jẹ́ oníṣòwò ńlá. Àgbẹ̀ tí ó wú iṣu náà wà ní ìjókòó ẹ̀yìn. Ìgbà wo ni a fi àgbẹ̀ jẹ bàbá ìkórè kẹ́yìn? Bí alága káńsù bá fún àgbẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí tí kò dé oko, àwa kò tilẹ̀ fún un ní ìjókòó iwájú.

Ó tún ku ohun kan. Kàlẹ́ńdà ìjọ tí a jogún ní Ọjọ́ Ìsinmi karùn-ún lẹ́yìn Àjíǹde, kí ó tó kan Ìgòkè-re-ọ̀run, tí a yà sọ́tọ̀ láti gbàdúrà sórí oko àti irúgbìn. Láyé àtijọ́, àlùfáà àti ìjọ a máa rìn yí oko ká. Ní ilẹ̀ wa, ọjọ́ náà a máa bọ́ sí àkókò tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, tí àgbẹ̀ sì ń gbìn. Ọ̀pọ̀ ìjọ ni kò ṣe é mọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, a ń rántí àgbẹ̀ ní ìgbà tí ó ní ohun tí yóò mú wá, a kì í sì í rántí rẹ̀ ní ìgbà tí ó ń fi irúgbìn sí ilẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù.

A bẹ ẹ̀yin àlùfáà wa: ẹ dá ọjọ́ yìí padà, kí ẹ sì ṣe ìsìn náà ní oko gan-an, kì í ṣe ní ilé ìsìn nìkan. Ẹ pe alága káńsù àti káńsẹ́lọ̀ yín wá síbẹ̀, kí ẹsẹ̀ wọn lè tẹ ọ̀nà tí àgbẹ̀ ń gbà. Àwọn ìjọ tí ó ní ilẹ̀ tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ dá oko níbẹ̀. Ẹ̀yin ìjọ ìgboro, ẹ ra oúnjẹ ìpàdé àgbà àti ti ìsinmi yín lọ́wọ́ àwọn ìjọ ìgbèríko, kí ẹ sì san owó tí ó tọ́. Ẹ má ṣe nájà títí ti ará yín yóò fi jẹ gbèsè. Bóásì fi èéṣẹ́ sílẹ̀ fún Rúùtù ju ohun tí òfin sọ lọ, ó sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọkùnrin kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kàn án. Oúnjẹ àti ààbò ni ó fún un papọ̀.

Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ tí ó wà nínú ìjọ wa, àti pé ẹ pọ̀, ẹ máa dá àgbẹ̀ lọ́lá nìṣó. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí ń bọ̀, kí ẹ tó tẹ ìwé ẹ̀rí, ẹ rán ẹnìkan lọ sí oko ẹni tí ẹ fẹ́ fún, kí ó béèrè ohun tí ó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ ṣe ọ̀kan nínú rẹ̀, kí ẹ wá fi ìwé náà lé e.

Ìwé ẹ̀rí bàbá tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa ṣì wà lára ògiri. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wọn gé igi, wọ́n tẹ́ ẹ sórí odò náà, ọ̀kadà sì lè kọjá nísinsin yìí. Ọkọ̀ kò tíì lè gba ibẹ̀.

Kí Olúwa, ẹni tí ó fi ọgbà Édẹ́nì lé ènìyàn lọ́wọ́ láti máa ro ó àti láti máa ṣọ́ ọ, bùkún iṣẹ́ ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ wa, kí ó ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wọn, kí ó sì fi ojú oko han àwọn tí ó ń ṣe àkóso wa. Àmín.